Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ Kú Ìjókòó: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àti Ìsinmi ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń jẹ ìsinmi, kó má lọ sí Ṣómólú ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kó lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn alátẹ ti ń palẹ̀ ọjà mọ́, ìgbà náà gan-an ni ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń le sí i láti ẹ̀yìn Fádéyí àti Onípaánu títí wọ inú Ṣómólú lọ́hùn-ún. Káàdì ìpè ìgbéyàwó wà lórí ẹ̀rọ kan, ìwé ètò ìsìnkú wà lórí òmíràn. Ẹnì kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gé sítíkà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ abọ́ àti ike tí wọ́n fẹ́ fi ta àlejò lọ́rẹ. Ti Sátidé ni gbogbo rẹ̀. Oníbàárà ti san ìdajì owó, ó sì ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti ìrọ̀lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò gba wàdùwàdù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ibẹ̀, Kord àti GTO tó ti pẹ́ lọ́wọ́, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò ìyàwó àti ọkọ tó ń dán gbinrin nínú káàdì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Bí àwọ̀ kan bá parí, wọ́n á fọ rólà, wọ́n á yọ pléètì, wọ́n á fi òmíràn sí i, wọ́n á dúró kí íǹkì gbẹ díẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín ẹlẹ́ẹ̀kejì sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká máa wo ọ̀run, tàbí ká ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ru pépà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgépépà, tí àwọn ìyókù náà ti tò sílẹ̀ dè. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì bá fi mọ́, páálí á ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lọ́jọ́ Sátidé tí àlejò bá ṣí ìwé ètò wò lábẹ́ ìbòòrùn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti sùn lọ lórí ìdì pépà.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti bá wọn ka ìwé ṣàtúnṣe fún ọdún díẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo ka káàdì ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, mo wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde, mo tún àmì orí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe, mo sì sùn gba ọjọ́ ìgbéyàwó náà kọjá nítorí pé mi ò fojú kan oorun fún òru méjì. Ó ti dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé àdúgbò yìí fi nǹkan kan hàn tí a kì í sábà rí nínú ìwàásù nípa iṣẹ́ àti ìgbádùn: fàájì ẹnì kan, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Aránṣọ tó ń fi aṣọ ẹbí sílẹ̀ ní aago méjì òru, onídìrí tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìyá tó ń se ìrẹsì ìkòkò ńlá, onílù, oníkánópì. Ṣómólú àti Bàrígà ń ṣe ọjọ́ ìsinmi fún Èkó bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì. Ìbéèrè tó yẹ ká gbé yẹ̀wò ni pé: kí ló ṣẹ́ kù fún ẹni tó ń ṣe é?

Èdè wa ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé a ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ ní ìkíni tirẹ̀: ọlọ́jà ń gbọ́ "ajé á wọgbá o", àgbẹ̀ ń gbọ́ "àroko bọ́dún dé o", onídìrí ń gbọ́ "ojú gbooro o". Ohun tí a kì í sábà dúró rò ni pé a ń kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan pẹ̀lú. Ẹni tó gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́, tó bọ́ ẹ̀wù, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, a kì í kọjá lára rẹ̀ láìkí i: ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú atẹ́gùn o, ẹ kú ìsinmi o. Ẹni tó ń náwó, a kí i kú ìnáwó. Mo gbà pé àwọn tó ṣẹ̀dá ìkíni wọ̀nyí ka ìjókòó sí ohun tí ènìyàn ń ṣe, tó sì yẹ kí wọ́n kan sáárá sí i fún. A kì í kí ọ̀lẹ kú ọ̀lẹ.

Ìdí ayò ni ẹ̀rí tó ga jù wà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì, àti ogunlọ́gọ̀ òǹwòran tí kò dákẹ́. Ẹni tó bá dé bá wọn á kí wọn pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀!" Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Eré lásán ni, síbẹ̀ ó ní ìkíni àti ìdáhùn tirẹ̀, bíi ti alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ. Bákan náà ni ọ̀sẹ̀. Kí ọjọ́ méje tó di ti gbogbo wa, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, tí wọ́n pín fún Ọbàtálá, Ifá, Ògún àti Jàkúta. Ẹni tó bá ń bọ òrìṣà kan kì í gbé ọkọ́ lọ sóko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà náà. Ìdúró yẹn kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá, kò sì sí lọ́wọ́ ìjọba. Àgbẹ̀ tí èpò ti ń bo iṣu rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró.

Nígbà tí ilé-ìwé dé, wọ́n kọ́ wa ní apá kan ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀. Ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, èyí tó wà nínú Aláwìíyé, kò sí ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà kan tí kò lè kà á lórí. Ewì tó dára ni, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ mi. Àmọ́ kò sí èyí tí wọ́n kọ́ wa ní àkọ́sórí nípa ìsinmi. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn, tí a fi ń tijú bí ẹni bá bá wa níbi tí a nà gbalaja sí lọ́sàn-án, tí a ó sì yára dìde pé "mo kàn ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ni o".

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ìjà fún àkókò ìsinmi jẹ́ nǹkan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Ìtàn Èkó kò sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Chicago jà fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ní 1886, wọ́n sì kú nítorí rẹ̀. Òun ló bí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tí a ń pè ní ọjọ́ òṣìṣẹ́. Ní 1919, àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fọwọ́ sí ni wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 1897, ọdún 22 ṣáájú àdéhùn yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ń la ọ̀nà, tó sì ń kọ́lé ní Èkó ti da iṣẹ́ sílẹ̀. Gómìnà McCallum ló yí aago iṣẹ́ wọn padà láìbi wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sílé, ìjọba sì bá wọn dúnàá-dúrà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, èyí tí orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, so mọ́, ti owó ni: ọjà gbówó lórí nígbà ogun, owó oṣù dúró sójú kan, òṣìṣẹ́ sì fi ohun tó lé ní ogójì ọjọ́ kọ iṣẹ́. Ti 1897 ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìjà tí òṣìṣẹ́ Èkó kọ́kọ́ jà pa pọ̀ dá lórí ẹni tó ni aago.

Láti ibẹ̀ ni òfin ti ń bọ̀. Ààrẹ Shagari sọ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún di ìsinmi jákèjádò Nàìjíríà ní 1981. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ti wà ṣáájú, kò sì burú rárá bí a bá kà á. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan, ó kéré tán, fi mí. Ó ní nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, wákàtí 24 gbáko. Ó ní lẹ́yìn oṣù 12, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi tí a ń sanwó rẹ̀, tí kò ní dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, títí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ 12 ni. Mo tún èyí tó kẹ́yìn kà lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé ọmọ kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nílò ìsinmi ìlọ́po méjì ti àgbà. Ẹ lọ bi ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ní ọjọ́ wo ló lọ ìsinmi ọlọ́jọ́ 12.

Kì í ṣe pé ọ̀gá rẹ̀ burú. Ọ̀gá náà kò sinmi. Ibi tí òfin ti ń já nìyí: fún ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó pọ̀ jù ní àdúgbò yìí ni ẹni tó gba ara rẹ̀ síṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024, kò dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ilé ìtẹ̀wé mélòó ní Ṣómólú ló sì ní ènìyàn 25? Àwọn àgbà ní ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó alárù á pé. Ní tiwa, ọ̀gá ni alárù. Bí kò bá tà, kò sẹ́ni tó máa pé owó fún un.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ará Èkó fẹ́ràn owó ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, inú mi kì í dùn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń gbé ọjọ́ náà lọ. Iná ni àkọ́kọ́. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti sọ owó iná àwọn tó wà ní ipele A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, di ₦225 fún ìwọ̀n kan, oníṣọ́ọ̀bù tó ń rí iná dáadáa ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò oògùn. Èyí tí kò rí i ń tẹ̀ lé e bí ó bá ṣe wá. Bí ó bá dé ní aago mọ́kànlá alẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ni àárọ̀ rẹ̀ mọ́. Epo bẹtiróòlù tí à bá fi dí àlàfo yẹn kò ṣeé sún mọ́ mọ́ látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023. Ọ̀nà ni èkejì. Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8, gba iwájú Bàrígà kọjá lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ tó tò sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ara wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ ní Erékùṣù, tó fi wákàtí mẹ́rin jókòó sínú danfó, wákàtí méjìlá ló ṣe. Kò sí ẹni tó ń sanwó mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 sí CMS, ohun tó fún ará Palmgrove àti Ọbaníkòró ju ìrìn àjò lọ. Ó fún ọ̀pọ̀ wọn ní oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú ọmọ. Nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní Ṣómólú ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ó ní ìdí ààbò tí wọ́n fi ṣe é, mi ò sì bá wọn jiyàn; síbẹ̀ ẹni tó ti ń dé ilé ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ibùdókọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn ín, tàbí kó tò fún kòròpé.

A máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani. Mo gbà á gbọ́ títí di ọdún 2021, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ní 2016, ènìyàn bí 745,000 ló kú nínú ayé nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó tan mọ́ iṣẹ́ àṣejù. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń tì í ní mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà: 72. Àwa náà sì mọ̀ ọ́n láìkàwé. A mọ ọ̀gá tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ayé ló ṣe é. Kí a tó dá ayé lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè iye òru tó fi jẹ́ pé tíì gbígbóná àti paraga ló fi dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin le ju gbogbo èyí lọ, mi ò sì ní fi gbólóhùn kan rékọjá rẹ̀. Ẹ lọ sí etí omi ní Ìlàjẹ, Bàrígà. Ọkọ lọ sódò, ó dé, ó ná ẹja, ó sinmi. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ aya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kó fọ̀ ọ́, kó tò ó sórí ààrò, kó máa yí i lójú èéfín títí tí yóò fi gbẹ, kó gbé e lọ sọ́jà kí àwọn alájàpá tó tú ká, kó dé ilé, kó dáná. Ojú rẹ̀ pupa, kì í ṣe ẹkún. Ní ìgboro Ṣómólú, ọjọ́ Àìkú tí ọkọ ń pè ní ọjọ́ ìsinmi ni ìyá ń fọ aṣọ ọlọ́sẹ̀ kan, tó ń se ọbẹ̀ ọlọ́sẹ̀ kan, tó tún ń di irun àwọn ọmọ. Mo ti bi àwọn obìnrin kan léèrè ibi tí wọ́n ti ń sinmi. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó dáhùn dárúkọ ìpàdé àjọ àti èésú. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè jókòó fún wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n. Owó ni gbogbo wa rò pé wọ́n ń lọ dá níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ yà síbì kan. Àwọn kan wà tó máa sọ pé ẹni tó jókòó ní ìkóríta Bàrígà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà ń sinmi, pé ìsinmi ló pọ̀ jù ní àdúgbò náà. Àṣìṣe ńlá ni. Ọ̀dọ́kùnrin tó ní ìwé ẹ̀rí tí kò ríṣẹ́, ìjókòó rẹ̀ kò tù ú lára. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà, ara rẹ̀ kò balẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n bu fún un ń há a lọ́fun. Iṣẹ́ ló ń fún ìsinmi ní adùn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa jayé lọ ṣáá, pé ayé kúkurú. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ni lọ́lẹ, òótọ́ ni. Ìdí iṣẹ́ ẹni náà la ti ń mọ ni lẹ́ni. Ọmọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ tó sì gba fúrídọ̀ọ̀mù, ẹ wo bó ṣe ń rìn ní ọjọ́ náà.

Bàrígà gan-an ti fi hàn pé ààlà eré àti iṣẹ́ kò le tó bí àwọn bàbá wa ṣe fi pàṣán pa á. Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ eléré tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà ni ibùdó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ijó àti eré orí ìtàgé kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ gidi. 9ice, ẹni tí orin Gongo Aṣọ rẹ̀ gba ìlú kan ní 2008, àti Olamide, olórin bíi tirẹ̀, àdúgbò yìí ni wọ́n ti gbọ́njú. Ẹ rékọjá sí Akọ́kà: St. Finbarr's College, tí Fadá Denis Slattery, àlùfáà ará Ireland tó tún jẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù, dá sílẹ̀ ní 1956. Slattery kò ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́. Ilé-ìwé rẹ̀ ló bí Henry Nwosu, tó wà nínú àwọn tó gba ife Áfíríkà ní 1980 nígbà tó ṣì kéré púpọ̀, àti Stephen Keshi, tó gbà á gẹ́gẹ́ bíi balógun ní 1994, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013. Ọmọ mélòó ni wọ́n nà ní òpópónà tó tẹ̀ lé e nítorí pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù dípò kí wọ́n jókòó ti igbá ọjà?

Mo sọ èyí, mo sì fẹ́ kí a má gbé e gba ibi tí kò yẹ. Kò pọn dandan kí eré mówó wá kó tó níyì. Irú èrò yẹn ti bà wá jẹ́ díẹ̀. Ẹ wo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ní ìgbà kan, ẹni tó wọlé síbẹ̀ ń wá ariwo, ẹgbẹ́ àti ìyọ̀ṣùtì. Nísinsìnyí, ìdajì àwọn tó jókòó ló di ìwé tẹ́tẹ́ mú; ojú wọn le bí ojú ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò ní ọsibítù. Góòlù wọlé, kò sí ẹni tó dunnú sí bí wọ́n ṣe gbá a. Owó ọ̀sẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Òde náà ń lọ síbẹ̀: aṣọ ẹbí méjì lóṣù, ìnáwó tí a yá owó fi ṣe, ìjókòó tí ara kò balẹ̀ nítorí àwọn tó ń wo irú bàtà tí a wọ̀. Mi ò kórìíra òde. Ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kò lè kórìíra òde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ tí kò náni ní kọ́bọ̀ kan, tí a fi jókòó síwájú ilé pẹ̀lú aládùúgbò, ń ṣọ̀wọ́n.

Ó ń ṣọ̀wọ́n nítorí pé iwájú ilé ti tán. Ibi tí à bá gbé àga sí ti di ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Pápá tó tẹ́jú ní àdúgbò yìí, inú ọgbà ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà: CMS Grammar School ní Bàrígà, Finbarr's àti Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà. Ẹni tó bá rí àyè wọ inú yunifásítì lọ sí etí ọ̀sà lè jókòó lábẹ́ igi kó máa wo omi, kò sì sí ohun tó dà bíi rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Etí ọ̀sà kan náà ni ti Bàrígà, omi kan náà. Àmọ́ ní ti Bàrígà, yanrìn, pákó, ẹja àti ìdọ̀tí ló gbà á. Kò sí ibi ìjókòó kan tí a ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ wo omi. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí wọ́n lè ṣe, mi ò ní pẹ́ dáhùn: ẹ wá ilẹ̀ tó tó ogójì ìṣísẹ̀ sí etí omi yẹn, ẹ gbin igi mẹ́wàá, ẹ gbé bẹ́ǹṣì sí i, kí ẹ má sì gba owó ẹnu ọ̀nà.

Ìyókù wà lọ́wọ́ wa. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ní agbára tí kò lò tán. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ń pàṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ẹni tó bá ṣí á sanwó ìtanràn, ayé kò sì parí. Ẹgbẹ́ tó lè ti ṣọ́ọ̀bù nítorí owó ẹgbẹ́ lè tì í fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ nítorí ara àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá dá tì í, oníbàárà á rékọjá sí ìsọ̀ kejì. Ohun tí ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa mọ̀ nìyẹn: bí gbogbo wa bá dúró pa pọ̀, kò sí ẹni tó pàdánù. Iṣẹ́ tó bá dé ní Ọjọ́bọ̀ fún Sátidé, kí iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, kí gbogbo ìsọ̀ sì fẹnu kò sí i. Àwọn tó ń náwó mílíọ̀nù lórí gbọ̀ngàn lè gbé káàdì wọn wá fún títẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn níṣojú òbí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye ọdún tó máa lò. Àwọn ọkùnrin ilé náà lè mú ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò tíì pa ẹnì kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gba òpópónà kan ní Bàrígà kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Òjò ti dá. Wọ́n ti fi táyà mẹ́rin ṣe góòlù kéékèèké méjì, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì kẹta sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa jáde. Ọlọ́kọ̀ kan dé, wọ́n wọ́ táyà kúrò, ó kọjá, wọ́n wọ́ ọ padà. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tó jókòó, íǹkì búlúù àti dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo kí wọn kú eré. Ó dáhùn láìwo ojú mi, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Nígbà tí góòlù wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó sì ń pariwo pé sẹ́ẹ̀tì tòun ló kàn.